Ọdẹ́rìnlọ Nínú Ìlú Ẹ-Wò-Mí

"Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá ara ògiri fẹ̀yìn tì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń dún nínú àpò, kó jẹ́ kó máa dún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, sísáré ló máa ń sáré, kì í dúró de ẹni tó bá wo ẹ̀yìn."

Báyìí ni Ọdẹ́rìnlọ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, níwájú ilé rẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá ti pé jọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó. Láti ọjọ́ tó ti ti ìrìn-àjò tó máa ń ròyìn rẹ̀ yìí dé, ìdí rẹ̀ kì í pẹ́ lórí àga. Yóò tiro dé ìdí igi máńgòrò, yóò padà, yóò tún lọ, bí ẹni tí èèrà wọ̀ ní ṣòkòtò.

Ọdẹ ni, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dàgbà.

"Èmi Ọdẹ́rìnlọ," ni yóò wí, "tí mo bá ẹfọ̀n jà títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí! Èmi tí iwin méje pàdé lójú ọ̀nà, tí wọ́n yà sínú koríko kí n lè kọjá!"

"Baba, iwin márùn-ún lẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Súnmọ́nù télọ̀ yóò pariwo láti ẹ̀yìn.

"Wọ́n ti bí méjì sí i," ni baba yóò fèsì, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n tó bá ti dárúkọ Ìbídùn, ẹ̀rín á pa.

Ìbídùn ni ọmọ Tinúadé, Tinúadé sì ni ọmọbìnrin Ọdẹ́rìnlọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ìbídùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fi fóònù ta á lọ́rẹ. Kí fóònù náà tó dé, ẹ̀rín ọmọ yìí kì í ṣe kékeré. Tó bá rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ á sá wọ inú ilé. Ó ya fọ́tò ara rẹ̀, ó gbé e sórí ayélujára, igba èèyàn ló fi láìkì sí i. Ìbídùn jó yí ilé ká. Ó gbé òmíràn síbẹ̀, ọgbọ̀n èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé ẹ̀kẹta, èèyàn mẹ́sàn-án péré ni, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Imú wá ńkọ́? Àbí ọ̀dùnkún nìyẹn?"

Imú Ọdẹ́rìnlọ ni imú náà. Òun ló fi jọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti ń fi ìka méjì fún imú rẹ̀ kó lè tẹ́ẹ́rẹ́. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ mọ́. Á dìde, á jókòó, á wo fóònù, á gbé e sílẹ̀, kò sì ní tíì gbé e sílẹ̀ tán tí á fi tún gbé e. Ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ó bá a wí, ó ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Tinúadé pè é kó wá jẹun, kò dáhùn. Nígbà tó wọ yàrá, ó bá a lórí ẹní, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Ó gbọ̀n ọ́n, kò mira. Ó gbé apá rẹ̀ sókè, apá náà fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Igbe tí ìyá náà ké ló gbé Ọdẹ́rìnlọ wọlé, tòun ti ìbọn.

"Baba, ọmọ mi kò sí nínú ara rẹ̀ mọ́!"

Ọdẹ́rìnlọ bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú dígí fóònù náà. Ibẹ̀ ló ti rí Ìbídùn, kékeré bí èèrùn, tó ń sáré láàárín igbó, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì. Lókè dígí náà, àmì bátìrì ti ku ìlà mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin rèé tí kò ti sí iná nílùú, ọmọ náà sì di fóònù mú débi pé kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sílé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀.

"Tí nǹkan yìí bá wá kú, tí ọmọ mi ṣì wà nínú ẹ̀ ńkọ́?" ni Tinúadé béèrè.

"Kò ní kú mọ́ ọn nínú. Mò ń lọ mú un wá. Ìwọ dúró tì í, kí o máa pariwo iye ìlà tó kù sí mi."

"Baba, báwo lẹ ṣe fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé?"

"Ihò tí mo ti fa òkété jáde kéré ju ìyẹn lọ."

Ó ki orí bọ̀ ọ́, èjìká tẹ̀ lé e, ìbọn ló gbẹ̀yìn.

Igbó Olójú ló bọ́ sí. Kò sí ewé kan ṣoṣo lórí igi níbẹ̀, ojú ni gbogbo rẹ̀, ojú funfun, ojú pupa, tí wọ́n ń ṣẹ́ pàkò-pàkò. Ibi tí baba bá yà sí ni wọ́n ń yí sí. Àwọn igi náà kò dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń gbé gbòǹgbò kan sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń gbé òmíràn, bí ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ilẹ̀ gan-an ń fà sẹ́yìn lábẹ́ bàtà. Nínú gbogbo igbó tí Ọdẹ́rìnlọ ti wọ̀ rí, ọdẹ ló ń wo ẹran. Nínú èyí, òun ni wọ́n ń wò. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó nu irùngbọ̀n, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan fanda.

Ní ìpẹ̀kun igbó náà ni ẹnu ọ̀nà ìlú wà. Iwin kan tó ga bí òpó iná ló ń ṣọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ ń yípo láìdúró.

"Ọdẹ, dá mi lóhùn! Kí ni èèyàn ń jẹ tí ebi fi ń pa á sí i?"

"Ẹ̀pà," ni Ọdẹ́rìnlọ wí lójú ẹsẹ̀.

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ọrùn rẹ̀ fi lọ́ mọ́ra bí okùn kànga. "Láti ọjọ́ tí mo ti dúró síbí, kò tíì sẹ́ni tó fún mi ní irú èsì yìí. O kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n máa wọlé. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Jíjáde ni iṣẹ́. Tí ojú kan ṣoṣo bá ṣì ń wò ọ́ nígbà tí o bá padà dé ọ̀dọ̀ mi, ilẹ̀kùn yìí kò ní ṣí."

"N ó yìnbọn fún irú ojú bẹ́ẹ̀."

"Wọn á sì pàtẹ́wọ́ fún ọ," ni iwin náà wí, ó yà fún un. "Kọjá, baba ẹlẹ́pà."

Ibí yìí ni Ọdẹ́rìnlọ ti máa ń tiro kọjá níwájú àwọn tó ń gbọ́ ọ, tí á na ọ̀pá sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí lẹ̀yin ì bá sọ?"

"Èmi ì bá sọ pé dòdò ni," ni Súnmọ́nù dáhùn.

"Ìwọ ì bá ṣì wà níbẹ̀ di òní."

Ẹ-Wò-Mí ni orúkọ ìlú náà. Kò sí àgbà kan níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́tàdínlógún ni gbogbo wọn. Olúkúlùkù dúró lórí òkìtì amọ̀ tirẹ̀. Àwọn olùwòran ìlú náà kò ní ara rárá. Ojú méjì àti ọwọ́ méjì ni wọ́n, wọ́n ń yí gbirigbiri láti ìdí òkìtì kan dé ìdí òmíràn, wọn kì í sì í pẹ́ níbì kankan. Tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún ọmọ kan, òkìtì rẹ̀ á ga. Tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí i, òkìtì á rọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì láti ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi jókòó níbẹ̀. Wọ́n ń yí, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí ohun ẹ̀rín, wọ́n sì ń jí ojú wo ẹ̀gbẹ́ bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Obìnrin kan tó ru igbá ń kiri láàárín wọn. "Imú tẹ́ẹ́rẹ́ rèé o! Ojú rọ̀bọ̀tọ̀ rèé o! Ẹ yá tuntun, ẹ fi ti ìyá yín pamọ́ sábẹ́!" Àwọn ọmọ ń du ọjà náà mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tiwọn.

Ọdẹ́rìnlọ wá Ìbídùn títí, kò rí i, nítorí imú kan náà ni gbogbo wọn lẹ̀ mọ́jú. Àpá ìgbọ̀nwọ́ ló fi dá a mọ̀, àpá ọjọ́ tó já bọ́ lórí igi gúáfà. Amọ̀ ti gbé ọmọ náà mì dé orúnkún.

"Ìbídùn!"

"Baba àgbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo orúkọ mi. Ẹ yà díẹ̀, ẹ ti dí wọn lójú."

"Ta ni mo dí lójú? Ìyá rẹ ń sunkún nílé. Jáde kúrò nínú ẹrọ̀fọ̀ yìí ká máa lọ."

"N ò lè tíì lọ báyìí. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ ò rí Fìkẹ́mi ni?"

Ó na ìka sí òkìtì kan tó ga ju gbogbo ìyókù lọ. Ọmọbìnrin tó wà lórí rẹ̀ ni Fìkẹ́mi, ọmọ kíláàsì Ìbídùn, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwọn. Àtẹ́wọ́ ń rọ̀ yí i ká bí òjò.

"Ẹ wo bínú ẹ̀ ṣe ń dùn, Baba àgbà. Kí ló fi sàn jù mí lọ?"

Ojú ọdẹ ń ríran jìnnà. Ọdẹ́rìnlọ gbójú sókè, ó sì rí i pé omijé ń ṣàn lójú Fìkẹ́mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta.

"Baba," ni Fìkẹ́mi sọ láìmi ètè, "ṣé omi wà lọ́wọ́ yín? Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lókè yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ̀kalẹ̀."

Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kò gbọ́ ọ. Ìbídùn náà kò gbọ́ ọ. Ojú ọ̀run ìlú náà sì mì, ohùn Tinúadé já wọlé: "Baba o! Ó ti ku ìlà méjì!"

Ọdẹ́rìnlọ di apá Ìbídùn mú, ó fà á. Bó ṣe ń fà á ni ìbọn ń jó léjìká rẹ̀, àwọn olùwòran sì rí i.

"Ẹ wò ó, ọdẹ ni! Ó ní ìbọn! Baba, ẹ sọ nǹkan!"

Ilẹ̀ gbé e sókè díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá gun ìpele àkàsọ̀ kan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú èèyàn tí baba yìí jẹ́. Ó ní kí òun kàn kí wọn, ọ̀rọ̀ kan péré, kí òun tó máa lọ.

"Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ Atamátàsé!"

Àtẹ́wọ́ bo ìlú. Ó sọ ti ẹfọ̀n tó pa, òkìtì abẹ́ rẹ̀ ga dé ìwọ̀n àjà ilé. Àtẹ́wọ́ fẹ́ dín kù, ó ní ẹfọ̀n mẹ́ta ni. Ó tún fẹ́ dín kù, ó ní erin ni, erin tó ń fò. Bó ṣe ń jẹ àtẹ́wọ́ náà ni ebi rẹ̀ ń pa á sí i. Ojú rẹ̀ ń sáré wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti ẹni tó fẹ́ lọ. Ẹgbẹ̀rún ń pàtẹ́wọ́, ẹyọ kan yí ẹ̀yìn padà, ẹyọ kan náà ló wá dun baba yìí wọ egungun. Ó sọ̀rọ̀ sókè sí i, ó fò sókè, ó kọrin. Apá ọmọ tó ti dì mú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ìgbà tó bọ́.

"Baba o! Ìlà kan ló kù! Ó ti pọ́n!"

Ìgbà yẹn ló tó wo ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ojú tó ń wò ó, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ìbídùn ni wọ́n ti yí wá. Amọ̀ ti dé àyà ọmọ náà. Ó gbójú sókè sí i.

"Ẹ̀yin náà, Baba àgbà?"

Ọdẹ́rìnlọ yìnbọn sókè kí wọ́n lè sá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó bú wọn, ó bú ìyá tó bí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ìyókù. Ó bú sẹ́kún. Ẹkún ló dùn mọ́ wọn jù. Òkìtì rẹ̀ gòkè kọjá ti Fìkẹ́mi. Ni baba náà bá di ojú rẹ̀, ó sì fò sílẹ̀.

Ìbàdí rẹ̀ ló fi balẹ̀. Ó gbọ́ bó ṣe dún. Àwọn olùwòran yí dé, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kú. Ó fi ikùn wọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó gbé ẹnu sí etí ọmọ náà.

"O mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Atamátàsé?"

"Ẹtu tí ẹ pa lọ́jọ́ ọdún ọdẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Mi ò pa á."

Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú wọn, ẹnu kì í jẹ́rìí ẹran. Ìrù ni ọdẹ máa ń gé wá síwájú olórí ọdẹ, ẹni tó bá sì gbé ìrù kalẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó pa á.

"Ẹtu náà dúró síwájú mi," ni baba ń sọ ní ohùn jẹ́jẹ́. "Igi obì ni mo yìn ní ìbọn. Ẹtu náà wò mí, ó jẹ koríko ẹnu ẹ̀ tán kó tó lọ. Mo pàdé ọkùnrin kan lọ́nà, mo fi ìgò ògógóró kan gba ìrù kan lọ́wọ́ ẹ̀. Olórí ọdẹ ìgbà yẹn ò ríran dáadáa mọ́. Ìbídùn, ìrù ewúrẹ́ ni."

Ìbídùn yí orí sí i.

"Ogójì ọdún nìyẹn. Ìyá àgbà ẹ kú, mi ò sọ fún un. Tẹ́nikẹ́ni bá ti pè mí ní Atamátàsé, ojú ẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá ó ti mọ̀. Ara mi ò balẹ̀ rí lọ́jọ́ kan."

"Kí ló ń sọ?" ni ojú kan béèrè lẹ́yìn.

"Ta ló gbọ́? Kò tiẹ̀ yíjú sí wa."

"Kò dùn mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n ń yí lọ, ọ̀kan, mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún.

"Ìrù ewúrẹ́?" ni Ìbídùn wí.

"Ewúrẹ́ dúdú."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọmọ náà, ẹ̀rín tí ń lé adìẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí imú àyálò fi já bọ́ sínú amọ̀, imú baba àgbà rẹ̀ sì yọ sójú rẹ̀ padà, gbọngbọn bó ṣe wà. Amọ̀ tú u sílẹ̀. Ó fa baba dìde, wọ́n forí lé ẹnu ọ̀nà.

"Ojú kan ṣì ń wo ọmọ yìí," ni iwin wí, kò ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n yí wẹ̀yìn. Ojú kan ń fò bọ̀ lókè orí Ìbídùn, ojú Ìbídùn fúnra rẹ̀ ni. Ó ń wo bó ṣe ń rìn, ó ń wo bí aṣọ ṣe bá a mu, ó ń wo irun rẹ̀.

"Èyí ò ṣeé lé," ni Ìbídùn wí. "Inú balùwẹ̀ gan-an ló máa ń bá mi dé."

Ọdẹ́rìnlọ fẹ́ fèsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó wó lulẹ̀. Ìbàdí náà ti kọ̀. "Máa lọ," ló wí. "Fi mí sílẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú nínú fóònù yìí."

"Irọ́ ni, Baba àgbà! Ẹ gun ẹ̀yìn mi!"

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀, ó gbé baba àgbà rẹ̀ pọ̀n bí ìgbà tí ìyá bá pọnmọ, tìbọn-tìbọn. Baba náà wúwo. Ọmọ náà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ẹnu rẹ̀ là, ikun ń jáde nímú rẹ̀, ìdì aṣọ rẹ̀ tú, kò sì ro ohun méjì ju pé kí baba má já bọ́. Ojú tó ń fò náà wá ohun tí á wò, kò rí i. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó pa dé. Ilẹ̀kùn ṣí.

Bí wọ́n ṣe ń kọjá, ohùn Fìkẹ́mi já bọ́ láti òkè réré: "Ìbídùn! Ẹ dúró dè mí!" Ìbídùn fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti tì, ó ti tu àwọn méjèèjì sínú yàrá ilé, iná fóònù sì kú fin-ín.

Tinúadé ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ ti dé, nítorí apá tó gbé lé itan wúwo lójijì. Ó sunkún, ó dúpẹ́, ó sáré gbé oúnjẹ wá. "Jẹun, ọmọ mi. Jẹun ná."

Ìbídùn ti dìde. "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ rí Fìkẹ́mi kẹ́yìn?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti bọ́ síta láìwọ bàtà, Ọdẹ́rìnlọ ń tiro tẹ̀ lé e. Ìyá Fìkẹ́mi bá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó wà ní yàrá, ó ní ká má yọ òun lẹ́nu. Kí ló dé? Ẹ wo bí amọ̀ ṣe bo gbogbo ara yín!"

Fìkẹ́mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ̀rín lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ìlà bátìrì rẹ̀ ti pọ́n. Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó fẹ́ ki orí bọ̀ ọ́.

"Baba àgbà, ẹ jókòó," ni Ìbídùn wí. "Ẹ wo ìbàdí yín. Èmi ni màá mú un wá."

Ó jókòó ti Fìkẹ́mi, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá ọmọ náà àti baba àgbà, ó gbé ẹnu sí etí Fìkẹ́mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Kí ló sọ?" ni Súnmọ́nù máa ń béèrè níbí, òun àti gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Baba, kí ló sọ fún un?"

"Mi ò gbọ́," ni Ọdẹ́rìnlọ á wí, á sì dúró lójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Ibi tí ojú mi rí i dé ni n ó bá yín sọ ọ́ dé, mi ò ní bù kún un. Ìka Fìkẹ́mi kan tú kúrò lára fóònù yẹn. Lẹ́yìn náà, èkejì."